Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì méje nínú amóníà: ẹ gbà mí o, sẹ́mínà mi ku ọjọ́ mẹ́sàn-án

ỌmọÀgọ́Ìwòyè · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kẹrin ni mo wà nínú kẹ́mísírì níbí ní Àgọ́-Ìwòyè. Láti ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀gá mi ti gbé àkọlé sẹ́mínà lé mi lọ́wọ́ ni oorun ti dá lójú mi. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìṣùpọ̀ átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àséníìkì, áńtímónì àti bísímọ́ọ̀tì tó ru àfikún ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, bí wọ́n ṣe ń hùwà nígbà tí wọ́n bá yọ́ sínú amóníà olómi àti irú omi bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló dí mi lọ́nà. Àkọ́kọ́, ìwé ní P₇³⁻, ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì méje tó so pọ̀ tó ru àfikún ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta (òdì mẹ́ta), máa ń yọ́. Bí nǹkan bá ti yọ́, ṣebí ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ nìyẹn? Báwo ni méje wọn ṣe ṣì wà pọ̀? Ìkejì, ìwé kan ya méje náà bí àgò tó dúró digbí, òmíràn ní wọn ò dúró lójú kan rárá. Èwo ni kí n gbé síwájú àwọn olùkọ́? Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù.

Ìkọ́kọrẹ́Gbígbóná · 9:21 alẹ́

Mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba ni, mo bá ṣí i. Mo rí P, mo rí 7, mo ti padà sídìí àwo mi. Àmọ́ n óò máa yọjú o.

TíṣàÀtijọ́ · 9:58 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ kẹ́mísírì ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ yẹn wà lọ́kàn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ojú ló ń ti ọ̀pọ̀ wọn láti bi í.

Da ṣúgà sínú omi gààrí rẹ. Ó yọ́, o ò rí i mọ́, àmọ́ tọ́ ọ wò, ó ṣì ń dùn. Omi tú mólékù kan kúrò lára èkejì, kò fọwọ́ kan inú mólékù. Bẹ́ẹ̀ náà ni P₇. Amóníà tú u kúrò lára pòtásíọ́mù mẹ́ta tó bá a wá, ó sì dúró níbẹ̀. Okùn tó so méje náà le ju agbára rẹ̀ lọ.

Báyìí, fojú inú wo ààrò ìyá àgbà. Òkúta mẹ́ta nílẹ̀, kí wọ́n fara kanra. Gbé òkúta kọ̀ọ̀kan lé orí wọn: mẹ́ta mìíràn nìyẹn, àwọn wọ̀nyí kò kan ara wọn. Wá gbé ẹyọ kan ṣoṣo sókè pátápátá, kí ó so àwọn mẹ́ta àárín pọ̀ bí orí òrùlé. Ka ìdè wọn: mẹ́ta nílẹ̀, mẹ́ta láti ilẹ̀ dé àárín, mẹ́ta láti àárín dókè. Mẹ́sàn-án. Òkúta ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́ta, tòkè náà ní mẹ́ta, iye tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì ń fẹ́ nìyẹn. Àwọn ti àárín ni kò rí ju méjì-méjì lọ. Wọ́n wá gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ pòtásíọ́mù dípò ẹnìkẹta. Ibẹ̀ ni òdì mẹ́ta ti wá.

Má gbà mí gbọ́ lásán, ṣírò ó. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan mú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù 5 wá, lọ́nà 7, ó di 35. Fi 3 kún un, 38. Ìdè mẹ́sàn-án jẹ 18. Ó ku 20, ìyẹn èjì-èjì lọ́nà mẹ́wàá tó dá dúró: ọ̀kan fún òkúta òkè, mẹ́ta fún ti ilẹ̀, mẹ́fà fún ti àárín. Ó pé géérégé.

ỌmọÀgọ́Ìwòyè · 10:10 alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá. Ààrò! Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti àséníìkì àti áńtímónì?

TíṣàÀtijọ́ · 10:17 alẹ́

Ààrò kan náà ni, As₇³⁻ àti Sb₇³⁻. Bísímọ́ọ̀tì ni kì í sábà kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Kékeré ló fẹ́ràn: Bi₄²⁻ tó rí bí igun mẹ́rin ọgbọọgba, tàbí méjì-méjì lásán, Bi₂²⁻. Áńtímónì náà lè ṣe igun mẹ́rin, Sb₄²⁻.

Ìyá_Oníṣáná · 10:31 alẹ́

Ẹ má bínú o, ọlọ́jà ni mí, Òkè-Àje ni mo ti ń tajà, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ẹ ń wí yìí, ṣé kì í ṣe òun ló wà lórí ìṣáná?

TíṣàÀtijọ́ · 10:40 alẹ́

Ìyá, ẹ kú ọjà. Ara páálí ló wà, níbi tí à ń ṣá a sí. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pupa nìyẹn. Pòtásíọ́mù kílórétì ló wà lórí igi rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣáná yín kì í fi í ràn bí ẹ bá ṣá a lára ògiri. Èyí tó funfun ni ọ̀dájú, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, abẹ́ omi ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ará Hamburg kan, Hennig Brand, ló kọ́kọ́ rí i ní 1669. Ìtọ̀ ló ń sè títí tó fi yọ jáde.

Ìkọ́kọrẹ́Gbígbóná · 10:43 alẹ́

Ìtọ̀ kẹ̀! Ọlọ́run ṣeun, mo ti jẹun tán.

Yìnyín_Ìjẹ̀búÒde · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín onígi gbọọrọ fún àwọn ẹlẹ́ja ni mo ń tún ṣe, ọdún kejìlá rèé. Amóníà tí ẹ ń dárúkọ yìí, èmi ni kí ẹ bi. Òtútù rẹ̀ ju ti yìnyín lọ fíìfíì, ìwọ̀n −33 °C ló ti ń hó. Irin la fi ń ṣe páìpù rẹ̀, a ò jẹ́ fi bàbà ṣe é láé, nítorí ó máa ń jẹ bàbà run. Bó bá sì jò díẹ̀ báyìí, gbogbo àdúgbò á mọ̀, ojú á máa ṣomi, ọ̀fun á dí.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé wọ́n ń ju pòtásíọ́mù sí i. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, tíṣà wa ju bíńtín sínú abọ́ omi, iná ló sọ. Báwo ni ti amóníà kò ṣe gbiná?

ỌmọRẹ́mọ_Jámánì · 7:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Ṣágámù ni mí, Jámánì ni mo wà báyìí, ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi sì dá lórí àwọn ìṣùpọ̀ yìí gan-an. Inú mi dùn débi pé mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ẹni tí a jọ ń gbé ilé, kò gbọ́ Yorùbá o.

Ẹ̀gbọ́n Yìnyín, amóníà kì í kánjú jà bí omi. Ẹ ju sódíọ́mù sí i, á yọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ á sì di búlúù bí inú ìkòkò aró. Àwọ̀ yẹn, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí amóníà rọ̀gbà yí ká ni. Bí sódíọ́mù bá pọ̀ nínú rẹ̀, á máa dán bí idẹ. Bó bá pẹ́ jù, tàbí tí ìpẹtà irin bá bọ́ sí i, á bàjẹ́ di ámáìdì, háídrójìn á sì jáde. Ṣùgbọ́n amóníà inú ẹ̀rọ yín ò ní ṣeé lò, omi kékeré wà nínú rẹ̀. Sódíọ́mù ni àwa fi ń gbẹ tiwa: bí búlúù yẹn bá dúró, a mọ̀ pé omi ti tán.

Inú aró yẹn ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1891, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Joannis rí i pé bí òjé bá bá sódíọ́mù pàdé nínú amóníà, aró á di àwọ̀ ewé. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Eduard Zintl, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, ló wá fi ìwọ̀n iná mànàmáná tọ̀ ọ́. Ó ń da àpòyọ́ kan sínú èkejì díẹ̀díẹ̀, ó ń wo bí agbára iná ṣe ń fò sókè, ibi tó bá ti fò ló ń sọ fún un pé irin mélòó ló bá òdì mélòó rìn. Báyìí ló ṣe kọ Sb₇³⁻ sílẹ̀ ní 1931, kò rí i, kò yà á. Ó kú ní 1941, ẹni ọdún méjìlélógójì péré. 1976 ni John Corbett àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó rí Sb₇³⁻ náà nínú kírísítà. Ààrò bàbá Tíṣà ni wọ́n bá níbẹ̀, méje pérépéré.

TíṣàÀtijọ́ · 8:15 àárọ̀

O káre, ọmọ Rẹ́mọ. Ọmọ mi ti Àgọ́-Ìwòyè, o ti rí ìdáhùn ìbéèrè kejì nìyẹn. Kírísítà ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Ya ààrò rẹ kó dúró digbí, kí o sì jókòó.

ỌmọRẹ́mọ_Jámánì · 12:30 ọ̀sán

Bàbá, ẹ forí jì mí, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ èyí. Kírísítà kì í purọ́ lóòótọ́, àmọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lé. Ohun tó bá kọ́kọ́ kọ̀ láti yọ́ ló ń di kírísítà. Ó lè jẹ́ òun ni ó kéré jù nínú ìkòkò náà. Bí ẹ bá dúró ní ọjà Sábó ní Ṣágámù, tí ẹ rí obì tó wà lókè apẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ lè búra pé bó ṣe rí nísàlẹ̀ nìyẹn?

Ó ṣe mí rí. Mo gbé K₃P₇ (P₇ pẹ̀lú pòtásíọ́mù mẹ́ta rẹ̀) sínú omi kan tí wọ́n ń pè ní ethylenediamine. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í hó kó tó kọjá 110 °C, o ò ní láti máa dì í sínú òtútù bí amóníà. Mo retí P₇³⁻. Kírísítà tó jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ HP₇²⁻: òkúta àárín kan ti gba háídrójìn mọ́ra. Omi bíńtín ló wọ inú ìgò mi, bóyá láti ara ìdérí. Bí mo bá gbàgbọ́ nínú kírísítà nìkan, ǹ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìkòkò ṣe rí.

Ohun kan tún wà. Láti rí kírísítà ni Corbett fi lo cryptand, ohun kan tó rí bí ìgèrè àwọn apẹja Ìwọ́pìn. Ó máa ń gbá pòtásíọ́mù tàbí sódíọ́mù mú sínú, kò ní jẹ́ kó jáde. Láìsí ìgèrè yìí, bí omi bá ti ń fà, irin náà á padà gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́wọ́ ìṣùpọ̀, gbogbo iṣẹ́ á sì di irin lásán. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni Jean-Marie Lehn, ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987. Àbúrò, fi í sínú sẹ́mínà rẹ.

TíṣàÀtijọ́ · 12:52 ọ̀sán

Dìde, má dọ̀bálẹ̀ mọ́. Obì yẹn wọlé. Tí kírísítà ò bá tó, kí ni o wá fi ń wo inú ìkòkò?

ỌmọRẹ́mọ_Jámánì · 1:47 ọ̀sán

NMR, bàbá, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì gbọ́ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń dáhùn láti ipò tó wà. Orí wa dára nínú ọ̀rọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì: gbogbo átọ́ọ̀mù rẹ̀ tó wà nínú ayé, ìwọ̀n 31 kan náà ni, ó sì máa ń dáhùn ketekete. Àséníìkì àti áńtímónì ń pariwo, ìlà wọn máa ń fẹ̀ bàjẹ́.

Marianne Baudler ní Cologne ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí. Ẹ gbé Li₃P₇ (lítíọ́mù ló bá P₇ wá níbí) sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá mú un tutù dé nǹkan bí −60 °C, ìlà mẹ́ta ló máa jáde: −57, −103, −162 ppm (ipò ìlà nìyẹn, kì í ṣe òtútù). Ìwọ̀n wọn jẹ́ ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́ta. Ààrò yín nìyẹn, bàbá: òkè kan, àárín mẹ́ta, ilẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kó gbóná díẹ̀, àwọn mẹ́ta náà á fẹ̀, wọn á dàpọ̀, ìlà kan ṣoṣo lẹ máa rí. Méje wọn ti di ọgba.

Àbúrò, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé, fara balẹ̀. Ìdè láàárín òkúta ilẹ̀ méjì já. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn òkúta àárín méjì tó wà lórí wọn di ara wọn mú. Wo ohun tó yọrí sí: àwọn méjì yẹn àti òkúta òkè ti di òkúta mẹ́ta tó fara kanra, ààrò tuntun nìyẹn. Òkúta ilẹ̀ kẹta tí kò sọ̀rọ̀ ló wá di òkè. Àwọn méjì tí ìdè wọn já di ti àárín. Ilé náà yí po, ó sì rí bákan náà bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, àwọn onílé ló pààrọ̀ yàrá. Wọ́n ń sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Èyí ń yí láìdúró, ọbẹ̀ kò sì dànù.

ỌmọÀgọ́Ìwòyè · 2:30 ọ̀sán

Mo fi awẹ́ obì tò ó sórí tábìlì, ó yí lóòótọ́!! Mo wá ṣírò nǹkan kan: −57 lẹ́ẹ̀kan, −103 lẹ́ẹ̀mẹta, −162 lẹ́ẹ̀mẹta, mo pín in sí méje, ó jẹ́ nǹkan bíi −122. Ṣé ibẹ̀ ni ìlà kan ṣoṣo yẹn máa ń wà?

ỌmọRẹ́mọ_Jámánì · 2:41 ọ̀sán

Ní àyíká −120 ni. O ti ṣe ìdá mẹ́rin sẹ́mínà rẹ nínú ìlà kan yẹn.

Amòye_Ìkẹ́nnẹ́ · 4:05 ìrọ̀lẹ́

Mo kọ́ ìṣirò, mi ò kọ́ kẹ́mísírì. Bí méje bá lè pààrọ̀ yàrá bó ṣe wù wọ́n, ọ̀nà 5,040 ló wà láti tò wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

TíṣàÀtijọ́ · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gbẹ́ni, o kánjú. Bí mo bá yí ààrò kan padà lọ́nà mẹ́ta lórí ilẹ̀ láìgbé òkúta kankan kúrò, ṣé ààrò mẹ́ta ni mo ní? Pín in sí mẹ́ta: 1,680. Irú ìṣirò kan náà ni wọ́n ń ṣe fún bullvalene, mólékù oní-átọ́ọ̀mù kábọ̀nù mẹ́wàá tó ń ṣe irú ijó yìí, tiẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ.

Amòye_Ìkẹ́nnẹ́ · 4:26 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà. Mo túúbá.

Alámòótù_Rẹ́mọ · 8:11 alẹ́

Gbogbo èyí dára. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó kàn wá: èló ni?

ỌmọRẹ́mọ_Jámánì · 9:35 alẹ́

Haha. Ẹ̀gbọ́n, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pupa tó wà lára páálí ìṣáná kò yọ́ nínú omi kankan tó wọ́pọ̀. Sọ ọ́ di ìṣùpọ̀ olódì, ó yọ́, ẹ wá lè dà á, ẹ lè fi kun nǹkan. Wọ́n tún ń wo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fún bátírì sódíọ́mù. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan lè gba sódíọ́mù mẹ́ta, ìyẹn 2,596 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) nínú gíráàmù kan lórí ìwé. Gíráfáìtì inú bátírì fóònù yín, 372 ni tiẹ̀. Ó ń wú, ó sì ń sán bó ṣe ń gbà á, ìṣòro tí wọ́n ń bá jà nìyẹn, ẹ má tíì ta mọ́tò.

Èyí tó wu èmi kò ní owó nínú. Baudler rí P₅⁻ ní 1987, òrùka márùn-ún tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní 2002, John Ellis ní Minnesota fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ méjì gbá táítáníọ́mù kan mú láàárín, kò sí kábọ̀nù kankan nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn Bryan Eichhorn ní Maryland mú As₇³⁻, wọ́n fi níkẹ́lì kan án nínú ethylenediamine. Ohun tó jáde: àséníìkì kan láàárín, níkẹ́lì méjìlá yí i ká, àséníìkì ogún yí àwọn yẹn ká. Bí àlùbọ́sà. Àwọn ààrò ti tú, wọ́n ti tún ara wọn tò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Oníṣáná · Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀

Ọmọ mi kékeré ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń fi ọ̀bẹ ha ara páálí ìṣáná mi. Ó ní òun fẹ́ ṣe P7.

TíṣàÀtijọ́ · 7:09 àárọ̀

Ìyá, ẹ gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá! Ẹ bá mi sọ fún un pé inú àpótí onígíláàsì tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe é.

ỌmọRẹ́mọ_Jámánì · 7:31 àárọ̀

Mo fara mọ́ bàbá. Bí omi tàbí ásíìdì bá kan àwọn ìṣùpọ̀ yìí, fọ́sífíìnì, PH₃, lè jáde. Gáàsì kan náà ni oògùn oníhóró tí àwọn kan ń fi sáàárín àpò ẹ̀wà máa ń tú nígbà tí ọ̀rinrin bá kàn án, ó sì ti pa ènìyàn nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ti àséníìkì tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Ìyá_Oníṣáná · 7:50 àárọ̀

Mo ti gbà á. Mo tún gba páálí márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi pamọ́.

ỌmọÀgọ́Ìwòyè · Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, 3:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o! Mo gbé òkúta méje lọ sínú kíláàsì nínú àpò ráìsì, wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo yí ààrò lójú wọn, ẹ̀rín dákẹ́. Olùkọ́ kan bi mí pé kí ni mo fi mọ̀ pé ohun tó wà nínú kírísítà ló wà nínú omi. Mo ní mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ obì ọjà Sábó, mo wá fi ìlà mẹ́ta hàn wọ́n kí wọ́n tó di ọ̀kan. Ó béèrè èwo ni mo máa yà bí àyè àwòrán kan ṣoṣo ló wà. Mo ní ààrò ni, kí n sì kọ ìwọ̀n òtútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá mi ní kí n wá rí òun ní ọjọ́ Ajé lórí iṣẹ́ àṣekágbá mi.

TíṣàÀtijọ́ · 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ìdáhùn ìwọ̀n òtútù yẹn, ìwọ lo dá a rò, a ò kọ́ ọ níbí. Kú oríire.

Yìnyín_Ìjẹ̀búÒde · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Kú oríire, àbúrò. Bí o bá fẹ́ fojú rí amóníà, wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí oòrùn tó le. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Gbé òkúta yẹn dání, àwọn ọmọṣẹ́ mi fẹ́ rí i.